Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ ní Libreville

Kétu, Orílẹ̀-èdè Benin, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú àárò ilé. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé àwọn ọmọ ń gbọ́ràn? Ọmọ ìyá aláṣọ tó ń padà sọ́hùn-ún ni mo kó lẹ́tà yìí lé lọ́wọ́, pẹ̀lú gaàrí àti irú, nítorí náà bí ìwé bá ń rùn, o mọ ohun tó fà á. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ lórí WhatsApp, torí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ ni fóònù ilé yín máa ń wà.

Kétu ti di ilé eré, ọ̀rẹ́ mi. Àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ kan ló gbé eré kan kalẹ̀ tí kò ní pèpéle, tí kò ní àga: òǹwòran ló ń rìn. Wọ́n á lu agogo, ẹ ó wọ́ tẹ̀ lé wọn láti Àkábà Ìdènà, ẹnu ibodè àtijọ́ yẹn, ẹ ó gba ẹ̀gbẹ́ yàrà àti odi, ẹ ó wọ ìgboro títí dé iwájú ààfin. Ibi tí ẹ bá ti dúró ni ẹnì kan á ti yọ lẹ́yìn ògiri, á sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ìtàn ń lọ bí ilẹ̀ ṣe lọ, kì í ṣe bí ọdún ṣe lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa kọ́kọ́ bá Ajíbódù àti Olúwódù lẹ́nu ibodè, àwọn òmìrán tí wọ́n ní ó mọ odi fún Ọba Sà, kí ẹ tó bá Ọba Ẹdẹ tó tẹ ìlú dó. Olúwódù wa, ọmọ télọ̀ yẹn ni! Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ lè gbé e lọ. Èmi ni Yá Mefu, tó fún àwọn èèyàn Ọba Ẹdẹ níná. Rẹ́rìn-ín, mo ti gbà. Bàbá àwọn ọmọ ní kò yẹ kí n kọ́ ọ rárá, pé iná ni mo ń fún òun nílé láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi.

Ajàyí Crowther náà wọlé, bó ṣe wá kí Alákétu ní 1853, nínú ẹ̀wù kóòtù tí wọ́n yá lọ́wọ́ pásítọ̀. Òógùn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ náà. Mo rántí tiwa ti ọjọ́ ìkómọ yẹn, mo fi gèlè bo ẹnu.

Èyí tó ká mi lára ni ti 1886. Olórí eré fẹ́ dáná gidi. Àwọn àgbà ní rárá, pé èyí tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì fi sun ìlú ti tó. Ni a bá ṣe é láìsí iná, láìsí ọ̀rọ̀: a gbé igbá, odó àti orógùn sílẹ̀ lójú ọ̀nà, a so okùn mọ́ra wa, a kọjú sí apá Abomey, olú ìlú Dàhòmì, à ń lọ. Àárín ẹrù wa ni àwọn òǹwòran máa gbà kọjá. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Lójú tèmi, ó ju iná lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni màmá yín á bẹ̀rẹ̀ oríkì àwọn ọba, fún àwọn tó padà wá tún ìlú kọ́ nígbà tí agbára Abomey fọ́. Kì í ṣe ìtàn ìlú látòkèdélẹ̀ o, ìyẹn ti Baba Ẹlẹ́gùn ni, tó ń kà á bí a bá ń fi ọba jẹ. O mọ ohùn màmá. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ lálẹ́ Ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò lè ṣì í mọ̀.

Àbẹ̀kẹ́, ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, nígbà tí a ń fi eré náà dánra wò lójú àwọn èèyàn, màmá bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ó ki Ẹdẹ, ó ki àwọn tó tẹ̀ lé e, ó dé ọ̀dọ̀ Sà, ó tún padà sọ́dọ̀ Ẹdẹ. Mo rò pé ó ń tún un kì kó lè dùn ni. Ó tún padà. Ọwọ́ rẹ̀ di etí ìró mú, ó ń ká a, ó ń tú u. Ló bá yíjú sí mi, ó ní, “Àbẹ̀kẹ́ ò tíì ti ọjà dé? Ilẹ̀ mà ti ń ṣú.”

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́! Wọ́n ṣe bí ara eré ni, pé ìyá kan ló ń wá ọmọ tí wọ́n kó lẹ́rú. Olórí eré sáré bá mi, ó ní kí a má yọ ibẹ̀ yẹn kúrò. Ọwọ́ ń yún mi láti gbá a létí. Mo ní, “Màámi, ó ń bọ̀,” mo mú un lọ sílé. Lójú ọ̀nà, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìdí mi ti fẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà lọ, ojú rẹ̀ mọ́ kedere.

Bóyá ọjọ́ orí lásán ni. Èmi náà se ọbẹ̀ láìfi iyọ̀ sí i lánàá. Ṣùgbọ́n ìkòkò ti jó mọ́ ọn lórí iná, ẹ̀gbọ́n rẹ sì ní kí n má tú u síta, kí àwọn èèyàn má baà ní ayé ló ń ṣe é.

Kí n má gbàgbé: àbúrò mi bí obìnrin, àgbàdo ti wọ́n, ìyàwó ilé kejì ti kó ẹrù lọ, ó tún ti kó o padà.

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Pe ẹ̀gbọ́n rẹ, ṣe bí ẹni pé o lá àlá, má dárúkọ mi. Ní kó jẹ́ kí n mú màmá lọ rí dókítà ní Kútọnù. Owó ọkọ̀ wà lọ́wọ́ mi, ti dókítà ló ju agbára mi lọ. Eré gan-an sì di Sátidé ìparí oṣù. Màmá ti rán àdìrẹ tuntun, ó ń wọ̀ ọ́ wò nínú yàrá. Ṣé kí á jẹ́ kó kì í? Mo lè dúró tì í, kí n máa gbè é, bó bá kọsẹ̀ kí n fà á síwájú. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń kọ́ oríkì náà, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Sà ni èmi náà ń há sí, torí ibẹ̀ lòun náà ń há sí. Ìwọ máa ń kì í tán nígbà tí a bá ń lọ pọnmi. Gba ìyókù sílẹ̀ kí o fi ránṣẹ́ sí mi, sórí fóònù tèmi o, kì í ṣe ti ilé.

Bá mi kí ọkọ rẹ.

Èmi ni tìrẹ,
Àjọkẹ́