Fótò físà Amẹ́ríkà kò yẹ kó wọ́n tó báyìí

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí síwèé yín.

Àwọn tó ń ya fótò físà nítòsí kọ́ńsúlétì Amẹ́ríkà l'Ékòó mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ wọlé fún intafíù ò ráyè nájà, iye tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń pè, bẹ́ẹ̀ ohun tí Amẹ́ríkà ń bèèrè ò le, ínṣì méjì sí méjì, kí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, kó má ju oṣù mẹ́fà lọ tí wọ́n yà á, kí ojú là sílẹ̀, kò sí awò ojú (láti 2016 nìyẹn), kò sí gèlè tàbí fìlà àfi èyí tí ẹ ń wọ̀ lójoojúmọ́ nítorí ẹ̀sìn. Fọtogíráfà àdúgbò yín lè ṣe é, ẹ ṣáà sọ pé Amẹ́ríkà ni, torí mílímítà 35 ní fífẹ̀, 45 ní gíga, ni ti UK àti Schengen (físà kan ṣoṣo fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù).

Édíìtì gan-an ló ń bà á jẹ́. Wọ́n á gbé kóòtù àti táì tí ẹ ò ní wọ̀ yín, wọ́n á fọ ojú yín títí ìyá yín ò fi ní dá yín mọ̀ mọ́, Amẹ́ríkà ò sì fẹ́ kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà tún ojú ṣe rárá. Ẹ gba sọ́fútù kọ́pì náà o, kó má ju 240 kílóbáìtì lọ, torí ẹ máa fi sínú DS-160, fọ́ọ̀mù físà Amẹ́ríkà tí wọ́n ń kọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Olóòtú, ẹ bá wa wádìí iye tí wọ́n ń gbà n'Ìbàdàn, l'Ábẹ́òkúta àti l'Ékòó, kẹ́ ẹ gbé e jáde.

Òǹkàwé yín, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn