Àpá eégbọn àti àpá ọwọ́ mi

Ìkéré-Èkìtì,
12 Oṣù Kọkànlá, 2025.

Àkàndé ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù ọ̀hún o. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Gbogbo ará ulé níbí ń kí ọ (má fi mí rẹ́rìn-ín, Èkìtì ò tíì kúrò lẹ́nu mi). Màmá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Wọ́n ní bí mo bá ń kọ̀wé sí ọ, kí n sọ pé owó tí o fi ránṣẹ́ ti dé ọwọ́ àwọn, àti pé iṣu ọdún yìí ta dáadáa. Wọ́n jókòó tì mí fún bíi wákàtí kan, wọ́n ń wo bí mo ṣe ń rán awọ, wọ́n wá bi mí pé ṣé òyìnbó ò ní àpò ni tó fi ń rán aṣọ fún ọ̀bẹ.

Ẹjọ́ kan wà tí mo fẹ́ rò fún ọ, òun ló jẹ́ kí n kọ̀wé dípò kí n pè ọ́. Bó bá jẹ́ orí fóònù ni, ẹ̀rín ni màá fi bò ó.

O rántí ọ̀bẹ tí ọ̀gbẹ́ni tí o mú wá, ará Sheffield níbẹ̀, rà lọ́wọ́ wa ní oṣù kẹfà. Alágbẹ̀dẹ wa ará Ìrè ló rọ ọ́ láti ara sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù, ó fi ìwo màlúù ṣe èèkù rẹ̀, èmi sì ṣe àkọ̀. Owó tí ọ̀gbẹ́ni yẹn san á ra ewúrẹ́ mẹ́rin lọ́jà wa, ṣẹ́ńjì á sì kù. Nígbà tí ọjà dé ọwọ́ rẹ̀, ó ya fọ́tò àkọ̀ náà, ó fa ìlà pupa yí ibi méjì ká, ó fi ránṣẹ́ sí mi. Kò bínú o, ó kàn ń béèrè ni. Ibi kìíní jẹ́ àpá róbótó mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu àkọ̀. Ibi kejì wà nísàlẹ̀, ó rí tóótòòtó, ó dúdú bí ìgbẹ́ eṣinṣin. Mo dá a lóhùn pé eégbọn ló jẹ màlúù náà níbi méjèèjì, pé bí awọ gidi ṣe máa ń rí nìyẹn. Ó dúpẹ́. Ó ní inú òun dùn pé àkọ̀ òun ní ìtàn.

Òótọ́ ni ti ibi kìíní. Irọ́ ni ti ibi kejì.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbèjà òótọ́ inú rẹ̀. Màlúù tó fẹsẹ̀ rìn láti òkè ọya wá, o mọ̀ pé kì í ṣe ẹran tí wọ́n sìn sínú ilé. Ẹ̀gún ti ya á, eégbọn ti jẹ ẹ́, darandaran ti fi irin gbígbóná sàmì sí i lára, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kanra wọn níwo. Gbogbo rẹ̀ ló ń bá awọ wá sórí tábìlì mi. Ojú àpá kì í mu dáì bí ara tó kù; bí o bá kun gbogbo rẹ̀ ní àwọ̀ ilẹ̀ pupa, àpá á yọ jáde gedegbe bí ilà ojú. Ibi ọrùn máa ń ní ìlà bí iwájú orí arúgbó. Ibi ikùn rọ̀, ó ń nà, èmi kì í fi í ṣe àkọ̀ rárá. Ibi ẹ̀yìn ni mò ń gé, èyí tó nípọn tó mílímítà mẹ́ta sí mẹ́ta àbọ̀. Bí n bá ní kí n máa yẹ gbogbo àpá sílẹ̀ níbẹ̀, ìdajì awọ ni màá dànù.

Ta ló sì ń rí awọ dànù ní Èkìtì? Bí wọ́n bá ti pa màlúù ní odò ẹran, iná ni awọ ń bá lọ, pọ̀nmọ́ ló ń dà. Ní 2022, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ awọ tó wà ní Zaria ní kí wọ́n fòfin de pọ̀nmọ́ kí awọ lè kárí àwọn tó ń fi í ṣiṣẹ́. Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán, ìgbà tí ìyàwó mi gbé iyán àti ẹ̀fọ́ kalẹ̀. Kano ni mo ti ń ra awọ tèmi ní tòótọ́, èyí tí wọ́n fi èso igi bàgàrúwà ṣe. Awọ oníkẹ́míkà tí àwọn onípọ́ọ̀sì ń lò rọ̀ jù, bí o bá fi omi rin ín tí o sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀bẹ, kì í rántí ohun tí o tẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ti bàgàrúwà ń rántí o. Ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Bí awọ náà bá ti mu omi, a ó ti ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, a ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ yíká títí á fi mú ìrísí ọ̀bẹ. Lásìkò yẹn, ohunkóhun tó bá kàn án ló ń gbà. Bí èékánná rẹ bá ṣèèṣì kàn án, òṣùpá kékeré kan wà níbẹ̀ títí ayé. Èyí tó burú jù ni irin. Ohun tó wà nínú bàgàrúwà tó ń sọ awọ tútù di awọ lílò, bó bá pàdé irin nínú omi, dúdú ló ń dà. Gbogbo ìyá wa ló mọ̀ ọ́n láìjẹ́ pé wọ́n ṣe awọ rí: ẹ wo bí ọ̀bẹ irin àti ọwọ́ ẹni ṣe ń dú téèyàn bá bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n. Èmi gan-an máa ń fi ṣọgbọ́n, ìṣó tó ti dípẹtà ni mo ń rẹ sínú fínẹ́gà bí mo bá fẹ́ awọ dúdú kirikiri. Nítorí náà, mi ò lè sọ pé mi ò mọ̀. Náílọ́ọ̀nù ni mo fi ń wé ọ̀bẹ kí n tó tì í bọ awọ tútù.

Ọ̀bẹ ni mo wé. Mi ò wé ọwọ́ mi.

Lóṣù tó kọjá, mo ṣe àkọ̀ míì fún ẹnì kan ní Adó. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ tán, tóótòòtó dúdú tún yọ, nísàlẹ̀, lápá òsì, ojú ibẹ̀ gan-an. Mo jókòó. Eégbọn wo ló ń jẹ màlúù méjì ní ojú kan náà? Mo gbé àtàǹpàkò òsì mi lé e, ó bá a mu rẹ́gí. Ìgbà náà ni mo wo tábìlì. Ibẹ̀ ni mo ti ń pọ́n ìlu àti ọ̀bẹ tí mo fi ń gé awọ láti ọdún yìí wá, eruku irin ti kún ojú rẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, èmi sì ń fi ọwọ́ náà tẹ awọ tútù. Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ti ará Adó kíá, ó lọ ráúráú torí kò tíì gbẹ. Ti Sheffield ti mu dáì, ó ti mu ìda oyin, ó ti wọ ọkọ̀ òfurufú.

Nígbà tí mo dáhùn ìbéèrè ọ̀gbẹ́ni yẹn, mi ò tíì mọ ti tábìlì lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe eégbọn. Àpá eégbọn ní ihò díẹ̀ láàárín, ìka ń mọ̀ ọ́n. Èyí tẹ́jú pẹrẹsẹ. Mo mọ̀ ọ́n, mo ṣì tẹ eégbọn ránṣẹ́.

Mo sọ fún alágbẹ̀dẹ wa. Mo rò pé á rẹ́rìn-ín ni. O sì mọ ará Ìrè, ibi tí Ògún ti wọlẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ó gbé òòlù sílẹ̀, ó ní, “Orí irin lo pa irọ́ sí.” Ó ní ẹni tí kò bá fẹ́ fi Bíbélì tàbí Kùránì búra ní kóòtù, kí ni wọ́n ń gbé fún un? Ó ní irin fúnra rẹ̀ ló buwọ́ lu àkọ̀ yẹn, mo wá ní eégbọn ni. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Mo gbìyànjú láti fi ọ̀rọ̀ dá ara mi láre. Mo ní àbùkù ojú lásán ni, kò sí ohun tó ṣe àkọ̀ náà. Òótọ́ ni. Abẹ́rẹ́ méjì ni mo fi rán an, okùn kan bá já, èkejì á dì í mú. Mo fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ há àárín kí ojú ọ̀bẹ má baà máa gé òwú. Àwọn tí kì í fi nǹkan há a ni wọ́n ń pòwe mọ́ pé idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó san owó ewúrẹ́ mẹ́rin, ó sanwó ojú mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ ibi tí yóò ti ọ̀bẹ bọ̀ nìkan ló ń wá, awọ àpò sìmẹ́ńtì ì bá tó o. Ohun tó sì ń dùn mí kọjá tóótòòtó. Bí àpá bá jẹ́ ti eégbọn, ìyìn ni. Bó bá jẹ́ ti ọwọ́ mi, ìtìjú ni. Mo kó ti ìtìjú sábẹ́ ti ìyìn.

Ìwọ lo mú mi mọ ọkùnrin yẹn, ìdí nìyí tí mo fi ní kí o kọ́kọ́ gbọ́. Má tíì sọ fún un. Bí o bá ka lẹ́tà yìí tán, pè mí, màá kọ̀wé sí i lọ́jọ́ náà fúnra mi. Mo ti ṣe àkọ̀ míì. Alágbẹ̀dẹ gbẹ́ igi ní ìwọ̀n ọ̀bẹ náà gan-an, igi yẹn ni mo fi tẹ̀ ẹ́, tábìlì sì ti di méjì ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ọmọ Ìyá Ayọ̀ ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín ní oṣù kejìlá, òun ni yóò mú un dání. Ọ̀gbẹ́ni yẹn ò ní san kọ́bọ̀ kan.

Tí o bá rí i, sọ fún un pé kó má fi ọ̀bẹ sílẹ̀ nínú àkọ̀ fún oṣù gbọọrọ, awọ máa ń fa omi mọ́ra. Ìlú tí o wà yẹn ni Harry Brearley ti ṣe irin tí kì í dípẹtà ní 1913, ṣùgbọ́n sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù tiwa ò gbọ́ ìròyìn náà. Bí òtútù bá sì jẹ́ kí ara àkọ̀ funfun bí ẹsẹ̀ ọmọdé nígbà ọyẹ́, ọ̀rá tí mo fi pa á ló ń jáde, kó fi aṣọ tó lọ́wọ́ọ́wọ́ nù ún. Àyàfi bó bá ń rùn. Bó bá ń rùn, ó ti bu nìyẹn, kó gbé e sí oòrùn díẹ̀, bí ẹ bá ní oòrùn.

Jọ̀ọ́, bá mi wá abẹ́rẹ́ oníwọ̀n ńlá tí ẹnu rẹ̀ ò mú, páálí kan péré. Èyí tí mò ń rí ní Adó máa ń ya òwú.

Àkọ̀ tuntun náà ní àpá o, kí o má baà rí i kí o pariwo. Ìlà gígùn kan ni, lẹ́yìn, bíi gígùn ìka. Ẹ̀gún ló ya á. Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì kí n tó kun ún, kò lọ.

Èmi ni tìrẹ,
Àjàní.