Ohun tó pa mí lẹ́kún lálẹ́ Sátidé

Slough, Ìlẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
Ọjọ́ Àìkú

Màmá Ìbùkún, ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé ara Bàbá ti ń mókun? Ẹ bá mi rí i pé wọn ò fo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn.

Ẹ má bínú sí ti alẹ́ Sátidé. Mo mọ̀ pé ẹ ò sùn, nígbà tí ẹ gbọ́ ẹkún lóhùn mi tí mo sì ń tẹnu mọ́ ọn pé kò sí nǹkan kan. Wọn ò lé mi níṣẹ́, ara mi sì le. Eré kan ni mo ń wò tí fóònù yín wọlé. Ọ̀rọ̀ náà gùn ju ohun tí mo lè sọ lórí WhatsApp lọ, ni mo ṣe mú bírò.

The Office lorúkọ eré náà. BBC ló gbé e jáde láti 2001 sí 2003, apá 14 péré ni gbogbo rẹ̀. Ricky Gervais àti Stephen Merchant ló kọ ọ́, Gervais náà ló sì ṣe David Brent, ọ̀gá ọ́fíìsì. Slough tí mò ń gbé yìí gan-an ni ìtàn náà wà, nílé iṣẹ́ kan tó ń ta pépà. Ibùdókọ̀ tí wọ́n máa ń fi hàn níbẹ̀rẹ̀, wọ́n ti wó o kí n tó dé, àmọ́ ojú ọ̀run tó rí bí eérú yẹn, òun la ṣì ń jí bá.

Apanilẹ́rìn-ín ni wọ́n pè é. Lóòótọ́ ni, mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n wọn ò fi ẹ̀rín àwọn òǹwòran sábẹ́ rẹ̀ bíi tàwọn eré yòókù. Bí ẹnì kan bá sọ ọ̀rọ̀ tó gún ẹlòmíì lọ́kàn, ibẹ̀ á kàn pa lọ́lọ́ ni. Ní apá àkọ́kọ́, Brent pe Dawn, ọmọbìnrin tó ń gbàlejò lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ó ń jí nǹkan ọ́fíìsì kó, pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ fi dá ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ lára yá ni. Dawn bú sẹ́kún. Mo pa tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ náà. Èmi tí físà mi so mọ́ iṣẹ́, ṣé a ń fi irú ìyẹn ṣeré?

Tim, ọ̀kan lára àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ló wá gbà mí lọ́kàn jù. Ó pé ọgbọ̀n ọdún, ilé àwọn òbí rẹ̀ ló ṣì wà, iṣẹ́ náà sú u, kò sì lọ. Dawn ni kò jẹ́ kó lọ. Bẹ́ẹ̀ Dawn ti ní àfẹ́sọ́nà, Lee, tó ń ṣiṣẹ́ níbi ìkẹ́rùsí nísàlẹ̀. Àwòrán inú ìwé ọmọdé ni Dawn fẹ́ máa yà láyé rẹ̀. Lee ò kà á kún. Wọ́n ṣe eré náà bí ẹni pé kámẹ́rà ń tẹ̀lé àwọn òṣìṣẹ́ kiri láti bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, Tim ń bá kámẹ́rà sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ó kàn dìde fùú, ó mú Dawn wọ yàrá kan, ó sì yọ máìkì ara rẹ̀. A ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Wọ́n dì mọ́ra. Tim jáde, ó padà sáyè rẹ̀, ó fi máìkì bọ ara, ó ní: Dawn ní rárá o.

Ibẹ̀ ni mo dé tí fóònù yín dún.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Obìnrin tó jókòó sọ́tùn-ún mi níbi iṣẹ́, mo mọ iye ṣúgà tó ń bù sí tíì. Ìyá rẹ̀ kú, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú ni mo tó gbọ́, ẹnu ẹlòmíì ni mo sì ti gbọ́ ọ. Nílé, ìyá oníbúrẹ́dì á ti bi í léèrè kó tó kọjá. Ẹnì kan sì wà tí èmi náà ń rò. Ọmọ Ghana ni. Ọdún kan ààbọ̀ rèé, ẹ káàárọ̀ àti ó dàárọ̀ nìkan ló ń kọjá láàárín wa nínú lífìtì. Ẹ má tíì sọ fún Màmá.

Mo wo èyí tó kù tán lánàá. Kérésìmesì 2003 ni wọ́n fi parí rẹ̀. Nínú takisí, Dawn ń sunkún lọ pẹ̀lú Lee, ó tú ẹ̀bùn tí wọ́n fún un láìkọ orúkọ: páálí ọ̀dà ìyàwòrán, pẹ̀lú àwòrán Tim tí òun fúnra rẹ̀ ti yà rí. Tim kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé kó má ṣe jáwọ́ láé. Dawn padà wá bá Tim.

Mo ti ra irú páálí bẹ́ẹ̀ fún Ìbùkún. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ń bọ̀ wálé lóṣù tó ń bọ̀, òun ni mo fi rán. Mo mọ̀ pé ẹ máa fẹ́ gbé e pamọ́ dìgbà tó bá ṣe ìdánwò tán. Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ tó bá dé ni kí ẹ gbé e fún un.

Àbúrò yín,
Àbẹ̀ní