Bíréékà Tó Ń Já: Ẹ Wádìí Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Pààrọ̀ Rẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ bíréékà ni mo bá wá, torí pé àṣà kan wà láàárín àwọn onílé tó ń ba àwa oníṣẹ́ iná lẹ́rù gan-an. Bí bíréékà bá ti já lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á ní ó ti gbó, wọ́n á yọ ti 20 áńpù, wọ́n á fi ti 32 rọ́pò rẹ̀. Lóòótọ́, kò ní já mọ́. Wáyà inú ògiri ni yóò wá máa gbóná, kò sì ní sí ohun tí yóò dá a dúró.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Wáyà 2.5mm tí wọ́n fi gba inú páìpù ara ògiri kì í gbé ju nǹkan bí 20 sí 24 áńpù lọ kó tó gbóná kọjá 70°C, ìyẹn ibi tí rọ́bà ara rẹ̀ lè fara dà á dé. Hítà omi 3000 wáàtì, kẹ́tùlù 2000, áyọ́ọ̀nù 1200 àti máíkírówéfù 1000, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 7200 wáàtì. Ẹ fi 230 fóòtì pín in, ó lé ní 31 áńpù. Bíréékà 20 á gbé e fún ìgbà díẹ̀, á sì já. Iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ rà á nìyẹn. Ti 32 ò ní mira rárá. Rọ́bà wáyà á máa gbẹ, á máa sán díẹ̀díẹ̀ níbi tí ojú ẹnikẹ́ni ò tó.

Wáyà ni bíréékà ń ṣọ́; kì í ṣe hítà, kì í ṣe kẹ́tùlù. Ìwọ̀n wáyà la fi ń yàn án: wáyà 1.5mm, bíréékà 10 áńpù; 2.5mm, 16 tàbí 20; 4mm, 25; 6mm, 32. Ẹni tó bá fẹ́ gbé bíréékà sókè, kó kọ́kọ́ fa wáyà tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ti hítà omi, ìlà tirẹ̀ lọ́tọ̀ ló yẹ kó ní, nítorí òun nìkan ń fa 13 áńpù.

Bí bíréékà ṣe já ló máa ń sọ ohun tó ń ṣe é. Tó bá pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ tan nǹkan kó tó já, ẹrù ló pọ̀ jù. Tó bá jẹ́ pé bí ẹ ṣe gbé e sókè báyìí ló já pà, wáyà iná àti níútíráà, ìyẹn wáyà tó ń dá iná padà, ti fara kan ara wọn níbì kan. Ẹ má tún gbé e sókè mọ́ títí ẹ ó fi rí ibẹ̀. Tó bá jẹ́ èyí tó ní bọ́tìnì kékeré tí wọ́n kọ T sí lára, tí à ń pè ní RCD, iná ló ń jò lọ sínú ilẹ̀, 30 mìlíáńpù péré sì tó láti já a. Ìkẹrin ló máa ń tan èèyàn jẹ jù. Ẹrù ò pọ̀, wáyà ò kan ara wọn, síbẹ̀ bíréékà ń já. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú rẹ̀. Tó bá gbóná ju àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé síkíróò tó di wáyà mú ti dẹ̀. Ibi tó dẹ̀ yẹn ń gbóná, ooru rẹ̀ ń wọ inú bíréékà, bíréékà ò sì mọ ooru yẹn yàtọ̀ sí ooru ẹrù. Kí oníṣẹ́ pa iná gbogbo ilé, kó gé ibi tó ti jóná lára wáyà kúrò, kó bó orí tuntun, kó sì dè é le dáadáa. Tí ara bíréékà fúnra rẹ̀ bá ti dúdú tàbí tó ti yọ́, ìgbà yẹn ni pípààrọ̀ tọ́, iye áńpù kan náà ni kí ẹ sì fi sí i.

Láti mọ ohun tó wà nídìí rẹ̀, ẹ yọ gbogbo ohun tó wà lójú sọ́kẹ́ẹ̀tì ìlà yẹn. Yíyọ ni mo wí o, kì í ṣe pípa. Ọ̀pọ̀ súwíìṣì, wáyà iná nìkan ni wọ́n ń gé. Níútíráà ṣì so mọ́ ohun tí ẹ pa, ó sì lè ti ibẹ̀ já RCD. Ẹ wá gbé bíréékà sókè. Tó bá dúró, ẹ dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fún ohunkóhun tó ń gbóná ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó kan òmíràn. Tó bá já nígbà tí kò sí nǹkan kan lójú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ wo àwọn tí wọ́n so mọ́ wáyà tààrà: másínì tó ń fa omi, gílóòbù ìta tí òjò ń pa, àti hítà omi. Nínú ilé tó ní hítà omi, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ pa bíréékà hítà. Ẹ fi tẹ́sítà wo ibòmíì tí ẹ mọ̀ dájú pé iná wà, ẹ fi wo wáyà hítà, kí ẹ tún padà fi wo ibi àkọ́kọ́. Tẹ́sítà tó ti kú yóò sọ fún yín pé iná ò sí níbi tí iná wà. Ẹ ṣí ìdérí, kí ẹ tú wáyà méjèèjì tó wà lórí ẹ́límẹ́ǹtì, irin tó ń gbóná nínú omi. Ẹ yí mítà sí òómù, kí ẹ fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì kan orí ẹ́límẹ́ǹtì méjèèjì. Ti 3000 wáàtì á mú nǹkan bí 17 sí 18 wá, ti 2000 á mú 26, ti 1500 á mú 35. Tí mítà bá kọ OL, ìyẹn ni pé iná ò rí ọ̀nà gbà kọjá, ẹ́límẹ́ǹtì ti já nínú, ìdí tí omi ò fi gbóná nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹnu mítà kan sórí ẹ́límẹ́ǹtì, kí ẹ fi ìkejì kan irin ara hítà. Níbí yìí, OL gan-an là ń fẹ́. Tí nọ́ńbà bá jáde, irin náà ti sán, omi ti rí ọ̀nà wọ inú rẹ̀. Àmọ́ mítà ọwọ́ ò lè rí gbogbo rẹ̀, torí pé àwọn ẹ́límẹ́ǹtì kan wà tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá gbóná ni wọ́n tó ń jò. Tí RCD bá ń já lẹ́yìn tí hítà ti ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, tí mítà sì ní kò sí nǹkan, kí oníṣẹ́ fi mẹ́gà 500 fóòtì wò ó, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi iná tó lágbára wá ibi tí iná ti ń jò. Nọ́ńbà tó bá mú wá kò gbọdọ̀ dín ní 1 mẹ́gáòómù.

Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ẹ́límẹ́ǹtì, ẹ ti omi tútù tó ń wọlé, ẹ ṣí ẹ̀rọ omi gbígbóná kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, kí ẹ sì fa omi inú hítà dànù tán. Kí wáàtì tuntun bá ti àtijọ́ mu, kí ẹ sì ra rọ́bà ìdí rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí rọ́bà tí wọ́n ti tú kì í dí omi dáadáa mọ́. Nísàlẹ̀ hítà, ẹ ó bá èérún funfun tó le bí ẹfun. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ jáde. Òun ló ń bo ẹ́límẹ́ǹtì mọ́lẹ̀, tí ooru kì í fi rọrùn bọ́ sínú omi, tí irin á fi gbóná jù, á sì sán. Ẹ wo ọ̀pá magínísíọ́ọ̀mù náà, èyí tí ìpẹtà ń jẹ dípò ara táńkì. Tó bá ti jẹ kọjá ìdajì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kan náà. Ẹ wá ṣí omi tútù, kí ẹ̀rọ omi gbígbóná wà ní ṣíṣí títí omi á fi máa dà geere láìtu afẹ́fẹ́. Ẹ má tan iná ṣáájú ìgbà yẹn! Ẹ́límẹ́ǹtì tuntun tí kò sí omi lórí rẹ̀ lè jóná láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Fáàfù kékeré ara hítà tó ń kán nígbà tí omi ń gbóná kò bàjẹ́. 50 lítà omi tó gbóná láti 20°C dé 60°C á fi bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lítà pọ̀ sí i, ibẹ̀ ni ìyẹn sì ń gbà jáde. Ẹni tó bá dí i pa ń sọ hítà di ohun tó lè bú gbàù. Tó bá ń kán tọ̀sán-tòru, kódà nígbà tí omi tutù, ẹ gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè díẹ̀ kí omi fọ ìdọ̀tí ẹnu rẹ̀ kúrò. Tí kò bá dáwọ́ dúró, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì ní kí pọ́ńbà wo agbára omi tó ń wọlé.

Tí iná bá ta ẹnikẹ́ni lára ẹ̀rọ omi, bó ti wù kó kéré tó, ẹ pa iná gbogbo ilé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wẹ̀ títí oníṣẹ́ á fi dé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé iná ń jò lára hítà, àti pé wáyà éàtì rẹ̀, èyí tó ń gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀, ti já tàbí kó má sí níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Olóòtú, mo bẹ̀ yín, ẹ bá wa tẹ ìwọ̀n wáyà àti bíréékà tí mo kọ sókè yìí síbi tí àwọn òǹkàwé ti lè gé e kúrò, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpótí bíréékà wọn. Oníṣẹ́ tó bá gbé bíréékà tó tóbi jù wá, kí onílé bi í pé mìlímítà mélòó ni wáyà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ó sì ṣí i kí àwọn méjèèjì jọ wò ó.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníṣẹ́ iná àti hítà