Lẹ́tà sí Bùnmi lórí amọ̀ funfun wa

Kàbà,
Ìpínlẹ̀ Kogí.

Bùnmi ọ̀rẹ́ mi,

Okun o. Ṣé àlàáfíà lo wà? Òtútù Jámánì ńkọ́? Ilé ń béèrè rẹ, pàápàá Màmá Ìsánlú. Wọ́n ní bí mo bá ń kọ̀wé sí ọ, kí n sọ pé àwọn ò tíì gbàgbé ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn. Ìwọ lo mọ èsì tí wàá fún wọn.

Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn dáadáa. O mọ̀ pé amọ̀ funfun tí wọ́n ń wà lẹ́yìn oko Bàbá ni mo ń ṣe ìwádìí mi lé lórí. Mo fẹ́ mọ bí ìpẹ́ kéékèèké inú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó àti bó ṣe nípọn tó, ká lè mọ̀ bóyá ó wúlò fún ìkòkò tí a fi ń sẹ́ omi mímu. Amọ̀ kì í gbé iná mànàmáná, nítorí náà STM, ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná ya àwòrán ohun tín-ín-tìn-ín, tí Binnig àti Rohrer kọ́kọ́ ṣe ní 1981, ò lè bá a ṣiṣẹ́. AFM, ẹ̀rọ tó ń fi ṣóńṣó kan tọ́ ojú nǹkan láti ya àwòrán rẹ̀, ló lè ṣe é, èyí tí Binnig, Quate àti Gerber gbé jáde ní 1986. Owó tí mo tọ́jú nínú owó oṣù mi ni mo san fún ilé ìwádìí kan tó jìnnà sí wa, mo sì fi amọ̀ náà rán awakọ̀ sí wọn. Wọ́n ti fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́.

Bùnmi, gbogbo ìpẹ́ tó wà nínú àwòrán náà ló ní igun mẹ́ta. Gbogbo wọn pátá! Kékeré ni o, ńlá ni o, igun mẹ́ta ni, ṣóńṣó gbogbo wọn ló sì kọ sí òkè lápá òsì. Inú ọ̀gá mi dùn dẹ́yìn. Wọ́n ní ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí rí nìyí, torí igun mẹ́fà la mọ̀ mọ́ kaolin, irú amọ̀ funfun yìí. Wọ́n ti ń wá àkọlé tí a máa fún àpilẹ̀kọ náà. Èmi ò lè bá wọn yọ̀. Ẹ̀kán omi amọ̀ la kán sílẹ̀ tó gbẹ, olúkúlùkù ìpẹ́ sì bọ́ síbi tó wù ú. Kí ló dé tí gbogbo wọn fi wá kọjú síbì kan náà?

Ṣóńṣó ẹ̀rọ tí wọ́n fi yà á ni mo fura sí. Ọ̀gá mi ò lo ẹ̀rọ náà rí, mo wá jókòó ṣàlàyé fún wọn bí o ṣe ṣàlàyé fún mi. Mo ní ẹ̀rọ náà ò ní ojú, fífọwọ́kàn ló fi ń ríran. Ọ̀pá sílíkọ́nù tín-ín-rín kan ni, ṣóńṣó wà lábẹ́ orí rẹ̀, ẹnu ṣóńṣó náà ò sì ju nǹkan bíi nánómítà 10 lọ nígbà tó bá jẹ́ tuntun (mílíọ̀nù kan nánómítà ló wà nínú mìlímítà kan). Lésà ń tàn sí ẹ̀yìn ọ̀pá yìí. Bí ṣóńṣó bá gun òkè, ọ̀pá á tẹ̀, ìmọ́lẹ̀ lésà á yẹ̀ kúrò lójú ibi tó ń bọ́ sí, ẹ̀rọ á kọ ọ́ sílẹ̀, á tún lọ sí ìlà tó kàn. Bí ṣóńṣó bá wá kán, tó fẹ̀ ju ohun tó ń tọ́ lọ, ohun yẹn ló máa ya àwòrán ṣóńṣó. Ó dà bí ẹni tó ń tẹ̀ka sórí oríṣiríṣi ìwé, àtàǹpàkò kan náà la ó máa rí. Gíga àwọn ìpẹ́ náà ni mo ṣì lè fọkàn tán, torí ṣóńṣó tó kú kì í ba gíga jẹ́ tó bó ṣe ń ba fífẹ̀ jẹ́.

Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n ní ẹ̀rọ olówó ńlá bẹ́ẹ̀ kì í purọ́. Mo kọ̀wé sí ilé ìwádìí náà pé ìgbà wo ni wọ́n pààrọ̀ ṣóńṣó kẹ́yìn. Wọn ò dá mi lóhùn.

Kí n tó gbàgbé: Táyọ̀ ti bí obìnrin, ìjì ti ṣí òrùlé ilé Bàbá Àgbà, ọ̀nà Ọ̀bàjánà ò tíì dára. Mo jẹ iṣu tuntun ní Ògìdì, mo jẹ tìrẹ mọ́ tèmi.

Ṣé o rántí máíkà tí a máa ń ṣà ní Ẹ̀gbẹ̀, tí à ń fi èékánná bó ní ìpele ìpele, tí o máa ń gbé sójú pé o wọ awò? Orí rẹ̀ ni wọ́n máa ń kán irú amọ̀ yìí sí kí wọ́n tó gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá fi téèpù bó ìpele òkè kúrò, ojú tó kù á tẹ́ débi pé ẹ ò ní rí òkè tó ga tó átọ́mù kan lórí ibi tó fẹ̀ dáadáa. Ìgbà tí mo kà á, mo rẹ́rìn-ín, ẹkún sì tún fẹ́ gbọ̀n mí. Àárò rẹ ń sọ mí gan-an.

Bùnmi, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. O sọ fún mi pé ẹ̀rọ náà wà ní ibi iṣẹ́ rẹ. Jọ̀ọ́, bá mi wo amọ̀ yìí, ṣóńṣó tuntun ni kí o fi sí i. Má jẹ́ kó máa wọ́ lórí ìpẹ́ náà kó má baà tì í kiri, jẹ́ kó máa kàn án fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ ni. Bí o bá ṣì rí igun mẹ́ta, fi ṣóńṣó sílẹ̀ bó ṣe wà, yí amọ̀ náà ní ìwọ̀n dígírì 90, kí o tún un yà. Bí àwọn igun náà bá bá amọ̀ yí, amọ̀ wa ló rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, mo máa lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Bí wọ́n bá ṣì kọjú síbi tí wọ́n kọ sí tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ṣóńṣó ni. Oṣù tó ń bọ̀ ni mo máa dúró níwájú àwọn olùdánwò, mi ò sì fẹ́ fi ẹnu ara mi sọ ohun tí mi ò gbà gbọ́ nípa ilẹ̀ Bàbá.

Ọmọ Àǹtí Rẹ̀mí ń padà sí Frankfurt ní Sátidé. Mo ti di amọ̀ náà sínú ike oògùn, kò kún ṣíbí kan, orúkọ rẹ wà lára rẹ̀. Kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá rẹ o, mi ò fẹ́ kó dá wàhálà sílẹ̀ fún ọ. Bí wọ́n bá ní ká sanwó, sọ iye rẹ̀ fún mi, má lọ fi owó ara rẹ san án.

Èmi ni,
Yẹ́misí