Ẹ bi àwọn ìyá ilé kẹ́ ẹ tó bi Google

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ádó, l'Ékòó, ní Kánádà àti gbogbo ibi tí ọmọ Èkìtì fọ́n ká sí, mo kí yín o. Mo ti ń rí ìbéèrè tẹ́ ẹ ń jù sórí WhatsApp ẹbí, pé ta ló bí bàbá àgbà, kí ló dé tí sọ́nẹ́ẹ̀mù wa ò bá ti àwọn ará Ìjerò mu, ṣé àwa náà kì í ṣe ọmọ ọba ni. Àwọn àgbà kà á, wọn ò fèsì, inú wá ń bí yín. Ẹ jẹ́ n sọ ìdí ẹ̀ fún yín.

Ilẹ̀ ni. Nílùú wa níbí, bí ọmọ kan bá ṣàdédé gbé bírò pé ta ló bí ta, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí àgbà lọ́kàn ni pé ó fẹ́ ta ilẹ̀, àbí lọ́yà kan ti wà lẹ́yìn ẹ̀, àbí oyè ló ń wá. Wọn ò jẹ̀bi jàre, torí bí wọ́n bá fẹ́ pín ogún ní ìdí igi, ìyẹn ni pé kí àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan jọ gba ìpín kan, iye ìyàwó tí bàbá fẹ́ àti èyí tó bí ta ni gbogbo ọ̀rọ̀ dúró lé, ẹjọ́ ẹ̀ sì lè pẹ́ ní kọ́ọ̀tù ju ẹ̀mí ẹni tó pè é lọ. Nítorí náà, ẹ má fi fóònù bẹ̀rẹ̀. Ẹ wálé, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, ẹ mú búrẹ́dì dání, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ìtàn ọ̀hún ṣe kẹ́ ẹ tó béèrè nǹkankan. Tó bá di pé ẹ tún padà wá ni kẹ́ ẹ tó tọrọ àyè láti gba ohùn wọn sílẹ̀.

Ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin lẹ sì máa ń sáré lọ, olórí ẹbí, baálé. Kò burú, ṣùgbọ́n ìtàn oyè àti ti ààlà ilẹ̀ ló pọ̀ lẹ́nu wọn, wọ́n sì ti sọ ọ́ ní kọ́ọ̀tù títí tó fi dán. Àwọn obìnrin ni kẹ́ ẹ lọ bá, àwọn ọmọ ilé tó lọ́kọ sí ìlú míì, àtàwọn ìyàwó ilé tó ti pẹ́. Ìyàwó ilé ló ń ki ọmọ, òun ló mọ oríkì. Òun náà ni kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, àfi kó sọ ọ́ lórúkọ tara ẹ̀: Akọ̀wé, Ìbàdíàrán, Adúmáradán. Ẹ fọkàn sí ìyẹn o, torí ẹnì kan ṣoṣo lè ní orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ níkòkó, orúkọ tí àwọn ìyàwó ilé ń pè é, àti orúkọ ìrìbọmi, kẹ́ ẹ wá máa wá èèyàn mẹ́ta kiri.

Ó ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí tèmi gan-an. Àtikékeré la ti ń gbọ́ pé bàbá bàbá mi ní àbúrò kan tó sọ nù, orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Fá ló ń jẹ́. A tún ń gbọ́ Adúmáradán kan tó lọ soko kòkó tí ò padà. Jeremáyà kan sì tún wà l'Éfọ̀n-Aláayè, àwọn ọmọ ẹ̀ máa ń wá síbi òkú wa, wọ́n á mú aṣọ wá, wọ́n á fa ewúrẹ́ wá, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ohun tó so àwa àtàwọn pọ̀, "ẹbí ni wọ́n" ṣá ni wọ́n máa ń wí. Ìgbà tí fóònù tó ń gba fọ́tò wá dé ọwọ́ gbogbo èèyàn, ọ̀kan nínú àwọn ará Èfọ̀n fi fọ́tò bàbá wọn ránṣẹ́ sí mi, mo bá mú un lọ bá àbúrò bàbá mi obìnrin tó lọ́kọ sí Ìláwẹ̀. Màmá wò ó, ó ní kí n ti ilẹ̀kùn. "Adúmáradán rèé. Adúmáradán ulé wa."

Ọ̀rọ̀ bọ́ síta. Ní 1930, nígbà tí ìsọjí Wòlíì Babalọlá bẹ̀rẹ̀ l'Ókè-Oòyè n'Íléṣà tó sì dé Èfọ̀n, àwọn èèyàn ń wọ́ lọ síbẹ̀ láti ìlú gbogbo, ọmọkùnrin yìí náà tẹ̀ lé wọn. Bó ṣe padà dé, ó kó ọ̀pẹ̀lẹ̀ àti ọpọ́n Ifá bàbá ẹ̀ síná. Babaláwo ni bàbá ọ̀hún o! Ó lé ọmọ jáde, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹ̀ nínú ilé òun mọ́. Àwọn ọkùnrin bá ní ó sọ nù. Àwọn ìyàwó ilé ní tiwọn ò dá orúkọ Fá yẹn rí tẹ́lẹ̀, wọ́n kàn ń sọ ti Adúmáradán wọn lọ, èèwọ̀ ò sì já. Òun fúnra ẹ̀ ti di Jeremáyà l'Éfọ̀n, ṣùgbọ́n ó ń yọ́ wá wo ìyá ẹ̀ lóko, màmá Ìláwẹ̀ tó jẹ́ ọmọdé nígbà yẹn ló sì máa ń bá ìyá àgbà gbé oúnjẹ lọ, wọ́n ti mú un búra pé kò ní sọ. Ó sì pa á mọ́ títí ó fi darúgbó, èmi ò mọ ọmọ òde òní tó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, mi ò fi ẹnu màmá nìkan gbà á. Màmá ní ọdún tí wọ́n kó bàbá mi jáde ni wọ́n lé e. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa, wọ́n ṣí rẹ́jísítà ìrìbọmi fún mi, 1930 ni wọ́n ri bàbá mi bọmi níkòkó. Àwọn ará Èfọ̀n náà sì ní ọdún ìsọjí ni bàbá àwọn dé. Bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa ṣe é, ẹ fi ẹnu kan wo ẹnu kejì, kẹ́ ẹ tún wá ìwé.

Àgbà ò ní sọ ọdún fún yín, nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lẹ máa bi í. Ṣé wọ́n ti bí i nígbà tí oòrùn wọ̀ọ̀kùn lọ́sàn-án? Oṣù karùn-ún 1947 nìyẹn. Ṣé ó wà nínú àwọn tó kọ́kọ́ jẹ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀? 1955. Ṣé wọ́n ti ń wakọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún nígbà tó fẹ́yàwó? 1972. Ẹ sì máa ṣe ìṣirò o, torí gbogbo bàbá àgbà Èkìtì ló ja ogun Kírìjì. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ẹ̀ ní 1886, tí àwọn ọmọ ogun ò sì tú ká títí di 1893, bàbá tó kú ní 1980 máa wá jà á báwo? Bàbá tiẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Bí ọ̀rọ̀ bá kan àsìkò òyìnbó, ilé tí ìjọba ń kó àwọn ìwé àtijọ́ sí wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ lọ wo ìwé àwọn ajẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ẹ kàn rántí pé ẹni tó ń du oyè náà ló ń rojọ́ fún òyìnbó.

Ti orúkọ, ẹ má jà. Ọ̀pọ̀ Ògún àti Ifá ló di Olú nígbà ìgbàgbọ́, ọmọ ìyá méjì sì lè máa jẹ́ sọ́nẹ́ẹ̀mù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ torí èkíní mú orúkọ bàbá, èkejì mú ti bàbá àgbà lọ sí súkúù.

Ohun kan wà tí mi ò ní fi bò. Bẹ́ ẹ bá ń walẹ̀, ẹ lè kan ìdílé tó jẹ́ pé ogun tàbí ìwọ̀fà ló gbé bàbá wọn dé agbolé yín. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín, kó dúró síbẹ̀. Ẹni tó bá gbé e sórí WhatsApp, ìjà ọmọ-ọmọ ló dá sílẹ̀ yẹn, ẹ má sì wá pè mí síbi ìparí ìjà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun tẹ́ ẹ ń tutọ́ sínú ike fún DNA, kò burú, ó lè fi mọ̀lẹ́bí hàn yín, àmọ́ kò lè sọ agbolé tàbí àdúgbò. Ó sì lè sọ ẹni tí kì í ṣe bàbá èèyàn. Ẹ bá ìyá yín sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó tutọ́.

Kérésì ń bọ̀, ẹ ó wálé. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi lọ sí Ìláwẹ̀ kó sọ fún mi ṣáájú, àárọ̀ ni ká lọ o, torí màmá máa ń sùn lọ́sàn-án, bí wọ́n bá sì jí i, ìbínú ló máa fi dáhùn. Ẹ kó fọ́tò àtijọ́ ilé yín dání, ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ sẹ́yìn ẹ̀ níṣojú màmá.