Mo gun Òkè Ìdànrè láìsí ẹ

Àkúrẹ́,
Ọjọ́ 6, Oṣù Kejìlá.

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

O kú òtútù o, o sì kú ìtọ́jú ọmọ. Ṣé àwọn ìbejì ti ń jẹ́ kó o sùn lóru báyìí? Ọyẹ́ ti dé bá wa níbí, ètè gbogbo wa ti bó.

Mo mọ̀ pé wàá bínú, ṣùgbọ́n n ò lè fi pa mọ́ fún ẹ: mo ti gun Òkè Ìdànrè. Mo gùn ún dókè pátápátá! Kì í ṣe bíi tọjọ́sí tó o wọ bàtà gogoro wá, tá a dé ibi ìsinmi kejì, tó o jókòó gbọin, tó o ní àfi kí wọ́n wá gbé ẹ bí ọba.

Sátidé tó kọjá ni èmi àti àbúrò mi lọ. O ṣáà mọ̀ pé kò jìnnà sí Àkúrẹ́, kò tó wákàtí kan. Bó o bá ti ń sún mọ́ ìlú náà, òkè kan á yọ, òmíràn á tún yọ lẹ́yìn ẹ̀, akọ òkúta ràgàjì, orí wọn pá, bí àwọn àgbà tó jókòó yí ìlú ká tí wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́. Wọ́n sá kòkó sí etí títì, òórùn kíkan rẹ̀ gba inú mọ́tò kan.

Àtẹ̀gùn 667 ni wọ́n ní ó jẹ́. Mo pinnu pé màá kà á fúnra mi, àmọ́ nígbà tí mo máa fi dé bí igba, mi ò mọ oókan mọ́. Mo ń mí hẹlẹ, ọkùnrin tó ń mú wa gòkè sì ń tàkúrọ̀sọ bí ẹni tó wà ní pálọ̀ ilé rẹ̀. Ike omi kan péré ni mo gbé dání. Ní ibi ìsinmi kẹta, mo gbé e fún àbúrò mi torí pé ó ti wúwo. Ike omi kan o!

Ohun tí èmi àti ẹ ò mọ̀ lọ́jọ́ náà, torí a ò débẹ̀, ni pé ìlú ló wà lókè yẹn. Mo ti rò pé òkúta lásán la fẹ́ lọ wò. Ààfin Ọwá, ọba Ìdànrè, wà ńbẹ̀, ilé amọ̀, pẹ̀lú àwọn òpó tí wọ́n fín àwòrán sí lára. Ilé ẹjọ́ wà, ọgbà ẹ̀wọ̀n wà, ilé ìwé wà. Wọ́n ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún ọdún tí àwọn ará Ìdànrè fi gbé orí òkè náà kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sí ìlú ìsàlẹ̀ ní nǹkan bí 1923.

Mo fìdí lé òkúta kan, mo wá ń rò ó. Ta ló gbé àwọn nǹkan wọ̀nyí gòkè? Ìlẹ̀kùn, àga adájọ́, bẹ́ńṣì àwọn ọmọ ilé ìwé. Mọ́tò kò débẹ̀. Orí ni, orí àti ọrùn èèyàn. Aláboyún ńkọ́? Ìyá arúgbó tó re ìsàlẹ̀ tó ń padà bọ̀ ńkọ́? Mo bi ọkùnrin yẹn bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ló bá rẹ́rìn-ín.

“Mọ̀mí, ta ló sọ fún wọn pé ó ga? Ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí.”

Mo wo ike omi mi lọ́wọ́ àbúrò mi, mo gbójú kúrò.

Ó tún mú wa lọ síbi ẹsẹ̀ Agbóògùn, atẹ́lẹsẹ̀ kan tó wà lára òkúta. Wọ́n ní ọmọdé ni o, àgbà ni o, ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn ló máa ń bá a mu rẹ́gí, àfi ẹsẹ̀ àjẹ́. Mo bọ́ bàtà. Òkúta náà gbóná láti inú oòrùn, iyanrìn díẹ̀ wà nínú ihò ẹsẹ̀ náà tó ń họ mí láàárín ọmọ ìka. Gbogbo wọn dákẹ́. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀, ó ń yẹ ẹsẹ̀ mi wò bíi tíṣà tó ń máàkì iṣẹ́. Ó wọ̀ ọ́! Jọ̀ọ́, bá mi jíṣẹ́ yìí fún ọkọ rẹ tó ní àjẹ́ ni mí níjọ́ tí mo pa á láyò.

Inú bí mi síbì kan ṣá. Àwọn kan ti fi ọ̀dà kọ orúkọ ara wọn àti ti olólùfẹ́ wọn sára òkúta. Láti 2007 ni Nàìjíríà ti kọ orúkọ òkè yìí mọ́ àwọn ibi tó fẹ́ kí UNESCO kà sí ogún gbogbo ayé, ẹnì kan wá gbé ọ̀dà gun àtẹ̀gùn 667 láti wá kọ̀wé ìfẹ́. Ó kúkú lágbára ju èmi tí mo gbé omi lọ.

Nígbà tá a ń sọ̀kalẹ̀, orúnkún mi ń gbọ̀n. Títí di ọjọ́ Ajé, bí mo bá fẹ́ jókòó, mo ní láti di ògiri mú.

O ní oṣù Karùn-ún lẹ̀ ń bọ̀ nílé. Oṣù yẹn náà ni wọ́n máa ń ṣọdún òrìṣà Òrósùn ní Ìdànrè, a ó jọ lọ. Bàtà kánfáàsì ni kó o kó wá, kó o má kó gogoro wá rárá. Ike omi tìẹ, ìwọ lo máa gbé e.

Bá mi kí bàbá wọn, sì bá mi fẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu.

Èmi ni tìẹ,
Màmá Bọ́lá.